MOJỌLÁ AGBẸ̀BÍ ÀTI ÌYAPA ỌDÚN 1888

Bíbélì Kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 15:36-41, 2 Tímótì 4:11

Ẹ mọ bí ó ti máa ń rí nígbà tí ọ̀ràn òṣèlú bá wọ inú ìjọ. Àwọn méjì tí wọ́n jọ ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa kò ní kí ara wọn ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, nítorí ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí nítorí oyè ìlú. Ìbáà ṣe Ibeshe ni ẹ wà, tàbí Ìkòròdú, tàbí Ẹ̀pẹ́, ọ̀ràn yìí kò ṣàjèjì sí yín. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a gbé ìgbésí ayé ọkùnrin kan yẹ̀ wò, ẹni tí irú ìjà bẹ́ẹ̀ bá ní Èkó, ní òdì kejì ọ̀sà wa níhìn-ín.

Ọdún 1860 ni a bí i, ní Iléṣà. David Brown Vincent ni a sọ ọ́. Ìjọ C.M.S. ni bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún, níbẹ̀ ni òun náà sì ti kọ́ ìwé, kí ó tó wá bá àwọn Onítẹ̀bọmi ṣiṣẹ́ ní Èkó.

Ní àkókò náà, W. J. David, míṣọ́nnárì tí àwọn Onítẹ̀bọmi ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà rán wá, ni ó ń ṣe àkóso iṣẹ́. Moses Ládèjọ Stone, ọmọ Yorùbá, ni olùṣọ́-àgùntàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1888, David yọ Stone kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láì bi ìjọ léèrè. Ọ̀ràn owó oṣù wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé owó ni gbòǹgbò ìjà náà. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni ẹni tí ó ní àṣẹ nínú ìjọ. Àwa Onítẹ̀bọmi sọ pé ìjọ ni ó ń yan olùṣọ́-àgùntàn tirẹ̀, David náà kò sì ṣe aláìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó láti ọdún 1861, ó sì ti ń mọ́ àwọn òyìnbó lára láti pàṣẹ fún ọmọ ilẹ̀.

Nínú àwọn tí ó jáde ni J. C. Vaughan wà. Amẹ́ríkà ni a ti bí i, ẹrú tí ó di òmìnira sì ni bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ káfíńtà ni ó bá dé ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí àwọn míṣọ́nnárì lè dúró, irú àwọn bí tirẹ̀ ni kò jẹ́ kí iná ìjọ Èkó kú. Ẹ ro bí yóò ti rí lára irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí a má kà á sí nínú ilé tí ó bá wọn kọ́!

Ìjọ tuntun náà ni a wá ń pè ní Ebenezer, Stone sì ni olùṣọ́-àgùntàn rẹ̀. Vincent jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olórí wọn. Wọn kò yí ìtẹ̀bọmi padà, wọn kò sì yí ìgbàgbọ́ padà. Ní ọdún 1894 ó ju orúkọ òyìnbó nù, ó di Mojọlá Agbẹ̀bí. Aṣọ ilẹ̀ wa ni ó ń wọ̀, àní ní ìlú òyìnbó pàápàá. Kí a má tan ara wa jẹ, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ máa ń le sí àwọn míṣọ́nnárì. Àwọn mìíràn nínú ọ̀rọ̀ náà gún ọkàn, ìbá sì sàn kí a sọ wọ́n pẹ̀lẹ́. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ òtítọ́. Bí ó sì ti ń sọ̀rọ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́: ó gbé ìhìn rere dé agbègbè Niger Delta.

Ẹ wo bí egbò náà ti jinná. Kò sí ẹni tí ó fi ipá mú ẹnikẹ́ni padà. Stone tìkára rẹ̀ padà bá míṣọ́n ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà, àwọn yòókù sì dúró ní ìjọ tiwọn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kọjá. Ní oṣù Kẹta ọdún 1914, ní ọdún kan náà tí Lugard so Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà pọ̀, àwọn ìjọ tí ó jáde àti àwọn ìjọ tí ó wà lọ́dọ̀ míṣọ́n pàdé ní Ìbàdàn. Wọ́n dá Yoruba Baptist Association sílẹ̀, èyí tí ó di Nigerian Baptist Convention. Àṣẹ ìjọ kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Iṣẹ́ Olúwa ni wọ́n jọ dawọ́ lé. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun tí àwọn ará Èkó tìtorí rẹ̀ jáde ní ọdún 1888 kò bọ́ lọ́wọ́ wọn, àwọn míṣọ́nnárì náà sì jókòó pẹ̀lú wọn.

Ta ni wọ́n fi ṣe ààrẹ? Agbẹ̀bí ni. Ẹ jíròrò èyí ní kíláàsì yín: bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ wà ní ìhà ti míṣọ́n ní ọjọ́ náà, ṣé ẹ ó dìbò fún un? Bí ẹ bá sì jẹ́ ará Ebenezer, ṣé ẹ ó lọ sí Ìbàdàn rárá?

Ipò ààrẹ yìí ni ó wà títí ó fi kú ní oṣù Karùn-ún ọdún 1917. Ní ọdún 1919, nígbà tí àwọn obìnrin Onítẹ̀bọmi dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, Adéọtán, opó rẹ̀, ni wọ́n fi ṣe olórí.