Josiah Ransome-Kútì, Àlùfáà Olórin

Ẹ̀yin ọmọ, ǹjẹ́ ẹ ti dé Allen Avenue ní Ìkẹjà rí? Báńkì àti ilé ìtajà ni ó kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ariwo ọkọ̀ kì í sì í dá níbẹ̀. Ní àdúgbò kan tí ó yà lára rẹ̀, tí à ń pè ní Gbémisọ́lá, ilé kan wà tí ó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọdún 2012. Fẹlá Aníkúlápò-Kútì, gbajúmọ̀ olórin nì, ni ó gbé inú rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí ní ọdún 1997. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn Fẹlá ni a ó kà lónìí. Ìtàn bàbá bàbá rẹ̀ ni. Olùkọ́ ni bàbá náà kí ó tó di àlùfáà, orin sì ni ó fi ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí Josiah Jesse Ransome-Kútì ní ọdún 1855. Ìyá rẹ̀ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì ní ìlú náà. Bàbá rẹ̀ fẹ́ràn orin púpọ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn ẹ̀sìn tuntun yìí rárá. Nítorí náà, inú ilé tí ọ̀rọ̀ kò ti ṣọ̀kan ni Josiah dàgbà sí. Ó tẹ̀ lé ẹ̀sìn ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi orin bàbá rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nárì, ó di olùkọ́ ní ilé ìwé Pétérù Mímọ́ ní Aké ní ọdún 1876. Ọmọ ọdún 21 ni. Ní ọdún 1879, ó lọ sí Èkó láti máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní orin ní ilé ìwé àwọn míṣọ́nárì C.M.S.

Ìṣòro ńlá kan wà nínú orin tí wọ́n ń kọ ní ilé ìwé àti ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà náà. Ohùn orin láti ìlú Òyìnbó ni, ọ̀rọ̀ Yorùbá ni wọ́n sì fi bọ inú rẹ̀. Pe ọ̀rọ̀ mẹ́ta wọ̀nyí kí o sì fetí sílẹ̀: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀. Ohùn nìkan ni ó yà wọ́n. Bí orin bá gbé ohùn sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ kí ó lọ sílẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ kọrin ọkọ̀ ojú omi yóò máa kọrin ọkọ́ tí a fi ń roko! Àgbàlagbà lè fi òye gbé ohun tí orin náà ń wí. Ọmọdé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ ńkọ́? Kí ni yóò gbà lọ́kàn?

Ìwọ náà rò ó wò. Báwo ni o ṣe mọ a, b, d? Ta ni ó fi ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta kọ́ ọ kí o tó lè di gègé mú? Orin ni. Nígbà tí o wà ní kíláàsì àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, ẹ jọ ń pàtẹ́wọ́, ẹ jọ ń jó, ẹ sì jọ ń dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Báyìí ni etí ọmọdé ṣe ń mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀, tí ó sì ń mọ bí a ti ń dúró de ẹnì kejì. Ohun tí a bá fi orin kọ́ ọmọ kì í tètè gbàgbé. Àwọn ìyá wa ti mọ èyí láti ìgbà ìwáṣẹ̀, nínú orin ìrẹmọlẹ́kún àti orin inú àlọ́.

Ohun tí Ransome-Kútì ṣe ni pé ó fi ohùn orin ilẹ̀ wa ṣe orin ìyìn, kí orin lè máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Èyí kò rọrùn, nítorí ọ̀pọ̀ míṣọ́nárì ìgbà náà ka orin àti ìlù wa sí ohun ìbọ̀rìṣà. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn gbọ́ orin rẹ̀, ó sì yé wọn. Ó di àlùfáà ní ọdún 1897. Orin yìí ni ó ń kọ káàkiri ilẹ̀ Ẹ̀gbá, títí àwọn ènìyàn fi ń pè é ní àlùfáà olórin.

Ní ọdún 1922, nígbà tí ó di ẹni ọdún 67, ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé iṣẹ́ Zonophone gba ohùn rẹ̀ sínú àwo giramafóònù. Orin tí ó kọ fún wọn lé ní 40, èdè Yorùbá ni ó sì fi kọ wọ́n. Nígbà náà, bóyá ni ọmọ ilẹ̀ wa tí ó ti ṣe irú rẹ̀ rí fi pé mélòó kan.

Ó kú ní ọdún 1930. Ọmọ rẹ̀, Israel Olúdọ̀tun, di ọ̀gá ilé ìwé gíráámà ní Abẹ́òkúta, ó sì jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà. Fúnmiláyọ̀, ìyàwó Olúdọ̀tun, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dá kíláàsì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì tó ilé ìwé lọ. Àwọn méjèèjì ni wọ́n bí Fẹlá. Ní ti àwọn àwo ọdún 1922, a ṣì lè gbọ́ díẹ̀ nínú wọn títí di òní. Ohùn bàbá náà ti dàgbà nínú wọn, àwo náà sì ń họ̀ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá fetí sílẹ̀ dáadáa, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò yé ọ.