Paul Ehrlich, Aláró Inú Sẹ́ẹ̀lì

Tí mo bá sọ fún àwọn ará àdúgbò wa ní Ìgàndò pé ṣúgà ni à ń wá nínú kórópọ̀n ọ̀pọ̀lọ́, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín. Ẹni tó jẹ́ kí iṣẹ́ náà yé mi ti kú láti ọdún 1915. Paul Ehrlich ni orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 1854 ni wọ́n bí i sí ìdílé Júù kan ní Strehlen, ìlú tó wà lábẹ́ Prussia nígbà náà, tó ti di ara Poland lónìí. Karl Weigert, ìbátan ìyá rẹ̀, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi aró kun bakitéríà kí ojú lè rí i. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìfẹ́ aró ti wọ Ehrlich lára. Aró náà ló kọ ìwé lé lórí nígbà tó gboyè dókítà ní Leipzig ní 1878.

Ìbéèrè kan ló gbà á lọ́kàn: kí ló dé tí aró kan máa ń mú ibì kan nínú sẹ́ẹ̀lì, tí kì í mú ibòmíràn? Àwọn ìyá wa tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà lára aṣọ, aró kò ní mú un. Ehrlich gbà pé bẹ́ẹ̀ náà ni sẹ́ẹ̀lì rí: ohun tó wà níbẹ̀ ló ń pinnu ohun tí yóò dì mọ́ ọn.

Ní 1888, Hermann Stillmark rí i ní Dorpat, ìlú tí a ń pè ní Tartu ní Estonia báyìí, pé májèlé inú kóró lárà, ìyẹn ricin, máa ń mú kí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ mọ́ra wọn. Lárà yìí kan náà ló ń hù lórí ààtàn káàkiri Alímọ̀ṣọ́. Òun náà ni àwọn ará Igbo fi ń ṣe ògìrì tiwọn tí a ń rí rà ní ọjà Ìkòtún. Sísè rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ ló ń pa májèlé náà. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi kóró rẹ̀ tútù ṣeré.

Ehrlich mú ricin àti abrin, májèlé inú wóró ojú ológbò. Ní 1891, ó ń fi wọ́n sínú oúnjẹ eku díẹ̀díẹ̀, ó ń fi kún un, títí eku fi lè fara da ìwọ̀n tó ń pa àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n èyí tí ricin kò lè pa mọ́, abrin ṣì ń pa á. Èyí fi hàn án pé ààbò ara mọ ọ̀tá tó ń bá jà. Ní 1897 ó ṣàlàyé pé sẹ́ẹ̀lì ní ohun kan lára tí májèlé gbọ́dọ̀ bá mu, bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń bá àgádágodo mu.

Òun àti Metchnikoff ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1908. Ní 1909, òun àti Sahachiro Hata rí i pé èròjà kẹfàlélẹ́gbẹ̀ta (606) lágbára lórí kòkòrò àrùn syphilis. Ní 1910 wọ́n gbé e sọ́jà, wọ́n pè é ní Salvarsan. Ehrlich kú ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 1915.

Ó kú láìmọ̀ pé ṣúgà ni irú èròjà bẹ́ẹ̀ ń dì mú. Sumner àti Howell ló fi èyí hàn ní 1936 pẹ̀lú concanavalin A, tí wọ́n rí nínú ẹ̀wà kan. Ní 1954, Boyd àti Shapleigh pe irú àwọn èròjà yìí ní lectin, láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí kí a ṣa nǹkan yàn.

Nínú kórópọ̀n ọ̀pọ̀lọ́, inú àpò kéékèèké ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń di àtọ̀ wà, èyí tó bá wà nínú àpò kan a jọ máa gbó pọ̀. A máa ń gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a ó sì da lectin tó ru aró lé e lórí. Concanavalin A ń wá mannose, ti àlìkámà ń wá N-acetylglucosamine, ti ẹ̀pà sì ń wá galactose. Bí àwọ̀ bá mú àpò kan tí kò mú èkejì, ó ń sọ fún wa pé ṣúgà ara sẹ́ẹ̀lì ń yí padà bó ṣe ń gbó. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí ṣúgà wà lára ohun tí àtọ̀ àti ẹyin fi ń dá ara wọn mọ̀.

Àmọ́ àwọ̀ lè parọ́. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ po lectin mọ́ ṣúgà tirẹ̀ kí a tó dà á sórí gíláàsì mìíràn. Bí àwọ̀ bá tún yọ níbẹ̀, kì í ṣe ṣúgà ló dì mú. Lectin wọ́n, mo mọ̀, owó ọdún àṣekágbá kì í sì í tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yọ ìgbésẹ̀ yìí sílẹ̀, àwòrán aláràbarà lásán ló kó wá fún olùkọ́. Ohun tí Ehrlich fi gbogbo ayé rẹ̀ wá ni pé kí a mọ ohun tí aró dì mú, kí a tó gbà á gbọ́.