Béla Bartók: Olórin tó gbé ẹ̀rọ lọ bá àwọn àgbà lábúlé

Àgbà tó bá kú láìfi orin rẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ó gbé orin náà wọ ilẹ̀ lọ ni. Béla Bartók, ọmọ Húngárì, tètè mọ èyí. Ìtàn rẹ̀ la mú wá lónìí.

Ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1881 ni wọ́n bí i ní Nagyszentmiklós, ìlú kan tó wà ní Románíà báyìí. Ọmọ ọdún 7 ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní dùùrù, kó tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga orin ní Budapest lọ́dún 1899.

Lọ́dún 1904, ó gbọ́ tí ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ń kọ orin abúlé rẹ̀. Orin náà kò jọ èyí tí àwọn ará ìlú ńlá ń pè ní orin Húngárì. Kò pẹ́ sí i, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Zoltán Kodály, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ abúlé kiri.

Fonógíráàfù ni wọ́n gbé dání, irú ẹ̀rọ tí Thomas Edison kọ́kọ́ ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1877. Ẹni tó ń kọrin á dojú kọ ẹnu ẹ̀rọ tó fẹ̀ bí àrọ, abẹ́rẹ́ á sì máa fi ohùn rẹ̀ fín ara ìda tó rí róbótó bí agolo. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni ìda kan ń gbà. Bartók á gbé e délé, á gbọ́ ọ léraléra, á sì kọ gbogbo bí ohùn ṣe ń lọ sókè sódò sílẹ̀. Ohun tí etí kò bá gbá mú lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ á tún un sọ.

Ó gba orin Slovakia àti Románíà pẹ̀lú. Lọ́dún 1913, ó wá sí Áfíríkà, ó gba orin àwọn Lárúbáwá ní Biskra, ní Àlgéríà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, Húngárì pàdánù ilẹ̀ púpọ̀ fún àwọn aládùúgbò rẹ̀. Lọ́dún 1920, àwọn kan nílé fẹ̀sùn kàn án pé kò fẹ́ràn ìlú rẹ̀, torí pé ó kọ̀wé lórí orin àwọn ará Románíà. Kò dáwọ́ dúró. Ó tẹ ìwé mìíràn jáde lórí orin wọn lọ́dún 1923, ó sì lọ gba orin ní Túrkì lọ́dún 1936.

Lọ́dún 1940, nígbà tí agbára Hitler ń gbilẹ̀, ó kó lọ sí New York. Níbẹ̀, Yunifásítì Columbia fún un níṣẹ́ láti kọ orin Yugoslavia tí ẹlòmíràn ti gbà sórí ẹ̀rọ sílẹ̀. Àìsàn ti wọ ọ́ lára nígbà tó ṣẹ̀dá Concerto for Orchestra lọ́dún 1943. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló pa á lọ́jọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1945, lẹ́ni ọdún 64. Ọdún 1988 ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà sí Budapest.

Àwọn ìda náà ṣì wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé níbẹ̀. Àwọn tó kọrin sínú wọn ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n a ṣì ń gbọ́ ohùn wọn. Fóònù tó wà lápò wa fúyẹ́ ju ẹ̀rọ Bartók lọ, àwọn àgbà wa sì ń kọrin lọ́wọ́. Kí là ń dúró dè?