Harriet Beecher Stowe: Ìyá Ọlọ́mọ Méje tí Ó Ń Kọ̀wé Jẹun

Púpọ̀ nínú wa ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé kan náà tí a ti ń tọ́ ọmọ. Ẹni tí ó ń ránṣọ mọ bí ó ti rí kí oníbàárà máa dúró de aṣọ, kí ọmọ sì máa ké lẹ́yìn ẹni. Ìwé kíkọ ni iṣẹ́ obìnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n wàhálà rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 1811 ni a bí Harriet Beecher ní ìlú Litchfield, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Oníwàásù ni Lyman bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún péré ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Catharine ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Hartford, níbẹ̀ ni Harriet ti kàwé, tí ó sì tún ṣe olùkọ́. Ní ọdún 1832 bàbá wọn kó wọn lọ sí Cincinnati, ní etí odò Ohio. Bí ènìyàn bá ti kọjá odò náà, Kentucky ni, níbi tí wọ́n ti ń lo ẹrú.

Ní oṣù kìíní ọdún 1836 ó ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Calvin Stowe, olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù. Kí ọdún náà tó parí, ìbejì dé, obìnrin ni àwọn méjèèjì. Henry tẹ̀ lé wọn, èyí tí àwa ìbá pè ní Ìdòwú, lẹ́yìn rẹ̀ ni Frederick. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1850, ọmọ méje ni Harriet ti bí.

Owó oṣù ọkọ rẹ̀ kò tó wọn jẹ. Harriet ti gba ẹ̀bùn dọ́là 50 rí ní ọdún 1834 fún ìtàn kan tí ó kọ, nítorí náà ó tún mú kálàmù. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ olóṣù ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kankan. Bí olóòtú bá gba ìtàn rẹ̀, owó wọlé. Bí kò bá gbà á, kò sí nǹkan. Nínú owó yìí ni ó ti ń san owó obìnrin tí ń bá a ṣiṣẹ́ ilé, kí òun lè rí wákàtí díẹ̀ kọ̀wé lójúmọ́. Ní ọdún 1842 ó kọ lẹ́tà sí ọkọ rẹ̀ pé bí òun yóò bá máa kọ̀wé, òun gbọ́dọ̀ ní yàrá kan tí í ṣe ti òun nìkan. Calvin kò bínú. Òun gan-an ni ó ń rọ̀ ọ́ kí ó má ṣe fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Síbẹ̀ ara kì í ṣe òkúta. Ní ọdún 1846 àìlera mú kí ó fi ilé sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀ láti lọ gba ìtọ́jú. Ní ọdún 1849 àrùn onígbáméjì jà ní Cincinnati. Calvin kò sí nílé, òun náà wà níbi ìtọ́jú. Harriet nìkan ni ó wà níbẹ̀ nígbà tí Charley, ọmọ ọdún kan àbọ̀, kú. Ó sọ lẹ́yìn náà pé ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ọmọ yìí ni òun ti mọ ohun tí ìyá tí ó jẹ́ ẹrú ń rí lára nígbà tí wọ́n bá gba ọmọ rẹ̀ tà.

Ní ọdún 1850 wọ́n ṣí lọ sí Brunswick, ní Maine. Ọdún náà ni ìjọba ṣe òfin pé kí a máa dá ẹrú tí ó bá sá padà fún olówó rẹ̀. Harriet, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ rẹ̀ ìkẹyìn, bẹ̀rẹ̀ Uncle Tom's Cabin nínú ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan. Ó rò pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni yóò gbà. Láti oṣù kẹfà ọdún 1851 ni, kò parí títí di oṣù kẹrin ọdún 1852. Dọ́là 300 ni wọ́n san fún un. Nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ a kọjá kí orí tuntun má dé. Catharine ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó wá gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí ó gba ìtọ́jú ilé àti àwọn ọmọ mọ́ ọn lọ́wọ́, kí iṣẹ́ náà lè parí. Nígbà tí ó di ìwé, 300,000 ni a tà ní Amẹ́ríkà láàrin ọdún kan.

A kò ní fi apá kejì pamọ́. Henry kú sínú odò ní ọdún 1857, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Frederick fara gbọgbẹ́ lójú ogun ní ọdún 1863, ó di ọ̀mùtí, ó lọ sí California, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Àwọn ìbejì kò lọ́kọ. Àwọn ni wọ́n ń bójú tó ilé ìyá wọn. Charles, àbíkẹ́yìn, di oníwàásù, ó sì kọ ìtàn ìgbésí ayé ìyá rẹ̀. Harriet kú ní Hartford ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1896. Ìwé tí ó kọ tó ọgbọ̀n.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Obìnrin yìí béèrè yàrá, ó sanwó fún olùrànlọ́wọ́, ó sì gbà kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a gbé e. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹgbẹ́ wa yìka: ta ni nínú wa tí iṣẹ́ ń wọ̀ lọ́rùn, tí ìtìjú kò jẹ́ kí ó sọ? Bí a bá bá a gbé ọmọ fún wákàtí méjì ní ọjọ́ Sátidé, a kò mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe parí.