Olóògbé Octaviano Olympio: Ọmọ Ìjọ Àgùdà Tí Ó Bá Wọn Gbé Ìlú Lomé Ró

Nígbà tí a bá ń ṣe júbílì ilé Ọlọ́run, ó tọ́ kí a bojú wẹ̀yìn wo àwọn tí ó ṣíwájú wa. Àdúgbò kan wà ní ìlú Lomé yìí tí à ń pè ní Octaviano Nétimé. Ní èdè Éwé, àárín oko àgbọn ni Nétimé. Ojoojúmọ́ ni a ń dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni ó mọ ẹni tí ó ni oko náà.

Ní nǹkan bí ọdún 1860 ni a bí Octaviano Olympio. Francisco, bàbá rẹ̀, ti ilẹ̀ Bùràsíìlì wá sí etíkun wa ní nǹkan bí ọdún 1850, ó sì di ará ìlú Agoué. Irú àwọn ènìyàn tí ó ti Bùràsíìlì dé báyìí ni àwọn baba wa ń pè ní Àgùdà. Wọ́n mú ìgbàgbọ́ wọn bọ̀ láti òkè òkun, wọ́n sì ti ń gbàdúrà nínú ilé ìsìn kékeré kan ní Agoué kí Fádà Borghero tó gúnlẹ̀ sí Ouidah ní ọdún 1861. Nítorí náà ni orúkọ wọn ṣe di orúkọ Ìjọ fún àwa ọmọ Yorùbá. Ẹni tí ó bá pe ara rẹ̀ ní ọmọ Ìjọ Àgùdà lónìí, orúkọ àwọn àtìpó tí ó padà wálé ni ó ń jẹ́.

Ní àkókò náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní Gold Coast ń gba owó ibodè lórí ọtí, tábà, ìbọn àti ẹ̀tù. Bí wọ́n ti ń sún ibodè wọn bọ̀ títí dé Aflao, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ń kó ẹrù wọn kọjá ààlà, wọ́n ń pàgọ́ sí etí òkun níwájú ilẹ̀ àwọn ará Bè. Báyìí ni Lomé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí di ìlú ọjà. Ní ọdún 1882 ni Octaviano dé ibẹ̀, ó ń ṣojú ilé iṣẹ́ Swanzy ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1884 ni Gustav Nachtigal tó bá àwọn aṣojú ọba Mlapa tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní Baguida ní orúkọ Jámánì. Ọdún 1897 ni ìjọba náà sì tó sọ Lomé di olú ìlú. Ọjà ti ń ná kí ìjọba tó dé. Nígbà tí ó yá, Octaviano dá dúró, ó gbin oko àgbọn, ó sì wà lára àwọn tí ó lọ́rọ̀ jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ náà.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1892 ni àwọn míṣọ́nnárì Ẹgbẹ́ Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, Fádà Schäfer àti Fádà Dier àti àwọn Bùrọ́dà tí ó bá wọn wá, sọ̀kalẹ̀ ní Lomé. Octaviano kò fi ọrọ̀ rẹ̀ pamọ́ fún Ìjọ: ó kọ́ ilé ìwé fún wọn. Nínú ilé ìwé náà ni Sylvanus, ọmọ Epiphanio àbúrò rẹ̀, ti kọ́kọ́ kàwé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1902 ni a ya ilé ìsìn ńlá Ọkàn Mímọ́ Jésù sí mímọ́, èyí tí ilé gogoro rẹ̀ ṣì yọ lókè ọjà títí di òní.

Ṣùgbọ́n ìjọba tí ó ṣe afárá ọkọ̀ òkun àti ojú irin náà ni ó ń na àgbàlagbà ní pàṣán ní gbangba, tí ó ń fi ẹ̀wọ̀n so ènìyàn mọ́ra bí ẹran. Ẹni tí ọ̀nà òwò rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba lè dákẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò bá a wí. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ní ọdún 1913, nígbà tí Wilhelm Solf, mínísítà fún àwọn ilẹ̀ òkèèrè Jámánì, bẹ Lomé wò, Octaviano ṣíwájú àwọn bọ̀rọ̀kìnní ìlú láti fi ìwé ẹ̀bẹ̀ lé e lọ́wọ́. Wọ́n bèèrè ìdájọ́ òdodo, kí a mú pàṣán àti ẹ̀wọ̀n kúrò, kí a tún ọgbà ẹlẹ́wọ̀n ṣe, kí owó orí dínkù, kí ọmọ onílẹ̀ náà sì ní aṣojú nínú ìgbìmọ̀. Kò tíì pé ọdún kan tí ogun fi dé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1914, àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọ Lomé láìsí ìjà.

Nígbà tí Lomé bọ́ sọ́wọ́ Faransé ní ọdún 1920, tí wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ bọ̀rọ̀kìnní sílẹ̀ ní 1922, Octaviano jókòó nínú rẹ̀. Ipò yìí kò rọrùn. Ní oṣù Kìíní ọdún 1933, nígbà tí àwọn ìyá ọlọ́jà tú jáde nítorí owó orí tuntun, ọ̀pọ̀ ará ìlú ti ń wo ìgbìmọ̀ náà bí ẹni tí kò sọ tinú wọn mọ́. Ẹni tí ó dúró láàárín ìjọba àti ará ìlú, ìhà méjèèjì ni ó ń bi í. Ní ọdún 1940 ni ó re ibi àgbà ń rè. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 1960, Sylvanus tí ó kàwé ní ilé ìwé rẹ̀ ni ó ṣíwájú Tógò wọ inú òmìnira.

Ní ọdún 1997, Lomé ṣe ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó di olú ìlú. Ẹlòmíràn lè bèèrè pé, ta ni ọmọ Áfíríkà ń bá yọ̀ nígbà tí ó bá ń ka ọdún láti ọjọ́ tí àjèjì gbé àga rẹ̀ kalẹ̀? Ìgbésí ayé Octaviano dá wa lóhùn. Kì í ṣe àga gómìnà nìkan ni ó sọ Lomé di ìlú: àwọn ará Bè tí ó ni ilẹ̀, àwọn ìyá ọlọ́jà, àwọn Àgùdà, àti àwọn baba wa oníṣòwò tí Anagokomé ń jẹ́ orúkọ wọn, gbogbo wọn ni ó fi òógùn wọn pọn ọ́n. Ìjọba mẹ́ta lọ, mẹ́ta bọ̀. Ilé ìwé àti ilé ìsìn kò ṣí nípò.

Kí júbílì yìí má ṣe jẹ́ ọjọ́ aṣọ ẹbí àti oúnjẹ nìkan. Kí olówó inú wa rántí ilé ìwé, kí ẹni tí a ń gbọ́ ohùn rẹ̀ sì rántí ẹni tí a ń nà. Kí Ọlọ́run fún Octaviano àti gbogbo olóògbé ìjọ wa ní ìsinmi ayérayé, kí ìmọ́lẹ̀ tí kò lópin sì máa tàn sí wọn lára. Àmín.