Mark Twain: Ìgbésí Ayé Ọ̀gá Nínú Lílo Àsọrégèé

Ìfáárà

Samuel Langhorne Clemens ni orúkọ àbísọ òǹkọ̀wé tí gbogbo ayé mọ̀ sí Mark Twain. Ọjọ́ 30, oṣù Kọkànlá, ọdún 1835 ni wọ́n bí i ní ìlú Florida, ìpínlẹ̀ Missouri, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Hannibal, tó wà létí odò Mississippi, ni ó dàgbà sí. Bàbá rẹ̀ kú ní ọdún 1847, kò sì pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí ọmọ náà lọ kọ́ iṣẹ́ ìwé títẹ̀. Ní ọdún 1859, ó gba ìwé-àṣẹ atukọ̀ lórí odò náà. Ogun abẹ́lé tó bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1861 ló gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba ìwọ̀-oòrùn lọ sí Nevada, ó sì di akọ̀ròyìn níbẹ̀. Ní ọdún 1863 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo orúkọ Mark Twain. Ìpè àwọn atukọ̀ ni. Ó túmọ̀ sí pé omi jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, ọkọ̀ sì lè kọjá láìséwu.

Àsọrégèé tí wọ́n gbà bí òótọ́

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1863, ó kọ ìròyìn àròsọ kan pé ọkùnrin kan pa ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ nítorí pé ẹ̀tàn àwọn ilé-iṣẹ́ kan ti jẹ ẹ́ lówó. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà ni ó fẹ́ fi ṣẹ̀sín. Ó fi àmì sínú rẹ̀: apààyàn náà gun ẹṣin wọ ìlú pẹ̀lú ọ̀fun tí wọ́n ti dá, igbó tí kò sí níbẹ̀ rárá ni ó sì pè ní ilé rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni àwọn òǹkàwé rí, wọn kò rí àmì. Àwọn ìwé ìròyìn mìíràn tún un tẹ̀ bí òótọ́, inú sì bí wọn nígbà tí ó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

Àkèré Calaveras

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1865, ó gbọ́ ìtàn àkèré kan ní ibùdó awakùsà ní Calaveras, California. Ìwé ìròyìn kan ní New York tẹ ẹ́ jáde ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún náà, òkìkí rẹ̀ sì kàn.

Nínú rẹ̀, Simon Wheeler ń ròyìn Jim Smiley, ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ lórí ohun gbogbo, títí dórí ẹyẹ méjì tó bà sórí ọgbà: èwo ni yóò kọ́kọ́ fò? Ajá rẹ̀ ń jẹ́ Andrew Jackson, àkèré rẹ̀ ń jẹ́ Daniel Webster. Orúkọ Ààrẹ àti sẹ́nétọ̀ ńlá ni wọ́n. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ajá yìí máa ń dì mú nínú ìjà. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ajá tí ayùn ti gé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ wá, ìjákulẹ̀ pa á. Oṣù mẹ́ta ni Smiley fi kọ́ àkèré ní fífò. Àlejò kan da ọta ìbọn wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀. Àkèré kò lè gbéra, 40 dọ́là sì bá a lọ.

Wheeler kò rẹ́rìn-ín, ohùn rẹ̀ kò yí padà. Bí ojú rẹ̀ ṣe le tó ni ẹ̀rín òǹkàwé ṣe ń pọ̀ sí i. Ìwà kan ṣoṣo, ìfẹ́ tẹ́tẹ́, ni ó fẹ̀ títí ó fi gba gbogbo ara Smiley. Àpèjúwe ẹlẹ́yà nìyẹn. Kò sí ẹni tí yóò gbà pé ìbànújẹ́ pa ajá, nítorí náà kò sí ẹni tí a tàn jẹ.

Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀

Ní ọdún 1894, gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó rin ìrìn-àjò kárí ayé láti máa sọ̀rọ̀ fún àwùjọ, ó sì san gbogbo rẹ̀ tán ní ọdún 1898. Ní ọdún 1905, ó lo ọgbọ́n àsọrégèé kan náà láti bá Ọba Leopold jà nítorí ìyà àwọn ará Kóńgò: ó mú kí ọba náà fi ẹnu ara rẹ̀ tú àṣírí ara rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹrin, ọdún 1910, ní Redding, Connecticut.

Ìkádìí

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àsọrégèé àti irọ́ wà nínú àdéhùn asọ̀tàn àti olùgbọ́. Nígbà tí àdéhùn náà kò sí, ní ọdún 1863, ó di ìjà. Nígbà tí ó wà, ní ọdún 1865, ó di ẹ̀rín. Ó yẹ kí olùkọ́ lítíréṣọ̀ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti wá àdéhùn yìí kí ó tó máa ka àpẹẹrẹ àsọrégèé sílẹ̀.