Láti Orí Owó-orí dé Òmìnira: Ìtàn Màmá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti

Tá a bá wọ dáńfó ní Ojú Ẹlẹ́gbà, tá a gba Àgége Mọ́tọ̀ Rọ́ọ̀dù lọ sí apá Mọṣáláṣí, a máa kọjá níbi tí ilé Fẹlá wà láyé ọjọ́un. Gbogbo wa la mọ Fẹlá. Àmọ́ nígbà tí mo bi èèyàn mẹ́wàá ní kíláàsì wa pé kí ni ìyá rẹ̀ ṣe, mẹ́jọ ló sọ pé ó wa mọ́tò. Ṣé ìyẹn nìkan ni? Olùkọ́ wa kọ́ wa pé ní Amẹ́ríkà, ìjà owó-orí ló di ogun òmìnira. Tiwa náà wà, ìyá yìí sì wà níwájú rẹ̀.

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i, ní October 25, 1900. Ní 1914, ó wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó wọ Abẹ́òkúta Grammar School. Ọdún yẹn náà ni òyìnbó gba òmìnira lọ́wọ́ Ẹ̀gbá. Nígbà tó di 1918, wọ́n ní kí kálukú máa san owó-orí. Àwọn ará oko yarí, wọ́n hú irin rélùwéè, wọ́n gbé ìbọn. Ogun Àdùbí nìyẹn. Ṣọ́jà ìjọba ṣẹ́gun wọn, ọ̀pọ̀ èèyàn kú, owó-orí ò sì kúrò nílẹ̀.

Fúnmiláyọ̀ lọ kàwé ní ìlú Òyìnbó ní 1919, ó padà dé ní 1922, ó sì pa orúkọ òyìnbó tì. Ní 1925, ó fẹ́ Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, àlùfáà àti olùkọ́, ẹni tó di ààrẹ àkọ́kọ́ fún NUT. Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹbí yín ni o!

Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó mọ̀wé ló kọ́kọ́ ń darí. Nígbà tó yá, obìnrin ọlọ́jà kan ní òun fẹ́ mọ̀wé kà, Màmá wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọlọ́jà. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ẹjọ́ wọn. Nígbà ogun Hitler, wọ́n ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn ní ọ̀pọ̀kúyọ̀kú. Ọmọbìnrin ń san owó-orí ṣáájú ọmọkùnrin tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyàwó ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀. Síbẹ̀, kò sí obìnrin kankan nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná owó náà.

Ní 1946, ẹgbẹ́ náà di ti gbogbo obìnrin, ọlọ́jà àti akọ̀wé. Màmá bọ́ gáùn sílẹ̀, ó ń wọ ìró àti bùbá, Yorùbá ló sì ń sọ nípàdé. Ní 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin lọ jókòó síwájú ààfin Aláké, wọ́n sùn síbẹ̀. Tí ìjọba bá ní àwọn ò fún wọn láyè láti wọ́de, wọ́n á ní àríyá làwọn ń ṣe. Ọdún yẹn kan náà ló bá ikọ̀ NCNC lọ sí London láti tako òfin ìjọba òyìnbó. Òun nìkan ni obìnrin láàárín wọn.

Ní January 1949, Aláké fi Abẹ́òkúta sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Owó-orí obìnrin dúró, obìnrin mẹ́rin sì wọ ìgbìmọ̀ ìlú, Màmá wà lára wọn. Ohun tí ìbọn ò lè ṣe ní 1918, àwọn ọlọ́jà ṣe é. Láti ibẹ̀ ló ti ń jà kí obìnrin lè dìbò, títí Nàìjíríà fi gba òmìnira ní 1960.

Ní February 18, 1977, àwọn ṣọ́jà ya wọ ilé Fẹlá, wọ́n ju Màmá láti ojú fèrèsé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kò gbádùn mọ́ títí ó fi kú ní April 13, 1978.

Mo ní ìdí tí mo fi kọ èyí. Ìyá mi ń ta ata. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gba owó ìsọ̀ oṣù kan lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, torí kò lè ka déètì tó wà lórí rìsíìtì tí wọ́n fún un. Inú bí mi gan-an, ó ṣe mí bíi kí n lọ bá ẹni yẹn jà. Nígbà tí mo ka ìtàn Màmá tán, ìwé ABD ni mo rà. Alaalẹ́ Sunday la máa ń jókòó tì í. Ìyá mi ti ń ka déètì fúnra rẹ̀ báyìí, ó sì ti ń kọ́ ìyá alátà tó wà nísọ̀ kejì.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ bi àwọn ìyá yín lálẹ́ òní: rìsíìtì wọn dà?